Ewú Lórí, Bọ́ọ̀lù Lẹ́sẹ̀: Àwọn Àgbà Agbábọ́ọ̀lù Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó fún pọ̀ lójú òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, ẹni tó bá gba Ìyànà-Ìbà kọjá lọ sí Òkokomáíkò yóò pàdé àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n gbé àpò kékeré kọ́ èjìká. Ewú ti yọ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ikùn àwọn mìíràn sì ti ti jẹ́ẹ̀sì wọn síwájú. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹni tó ń lọ sóde ìnáwó. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lọ gbá.

Olùkọ́ wà nínú wọn, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, oníṣòwò Alàbá wà níbẹ̀, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba náà kò gbẹ́yìn. Ẹni ọdún 40 ni wọ́n ń pè ní ọmọdé láàárín wọn. Ẹni tó ti lé ní ọdún 60 ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, inú rẹ̀ kì í sì í dùn bí wọ́n bá ní kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń dáwó ra bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń dáwó ra omi.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ẹ ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nílé. Ó lè jẹ́ bàbá yín, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ó sì lè jẹ́ ọkọ yín. Bí ó bá ti ń wá bàtà ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀ káàkiri ilé, ẹ̀rín a máa pa yín, ẹ̀rù a sì máa bà yín. Ṣé kí ẹ dá a dúró ni àbí kí ẹ bá a gbé àpò? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ

Ẹni tó bá mọ ìtàn agbègbè yìí kò ní ṣe kàyéfì pé àwọn àgbà ibẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Láàárín ọdún 1970 sí ọdún 1985, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń rọ́ wá sí apá ibí yìí láti ìhà gbogbo. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ń to ọkọ̀ ní ojú òpópónà náà, ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé ṣí ní ọdún 1977, bárékè àwọn ọmọ ogun wà ní Ọ̀jọ́, Gómìnà Lateef Jakande kọ́ ilé sí Ìbà fún àwọn mẹ̀kúnnù, wọ́n sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní LASU, sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ tàbí tó wá kàwé nígbà náà. Ọ̀dọ́ ìgbà náà ló di bàbá àgbà lónìí.

Ilẹ̀ ṣì pọ̀ nígbà náà. Ibi tí wọn kò bá tíì kọ́ ilé sí, pápá ni. Wọn a ri igi méjì mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n to òkúta méjì, ó di ojú ilé kékeré tí wọ́n ń pè ní mọ́ńkì pósítì. Bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí owó rẹ̀ kò ju ohun tí ọmọdé lè tù jọ ni wọ́n ń gbá, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń gbá a. Sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pín ara wọn sí: sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ju góòlù méjì sí nínú yóò jáde, òmíràn yóò wọlé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù, nígbà tí ìjọba bá ní kí oníkálùkù jókòó sílé títí di aago mẹ́wàá láti tún àyíká ṣe, títì tí ọkọ̀ kò gbà a máa di pápá.

Bí ọdún Àjíǹde tàbí ọdún Kérésìmesì bá sì dé, ìdíje kan wà tí àdúgbò kì í fi ṣeré: àwọn àpọ́n yóò kojú àwọn tó ti gbéyàwó. Àwọn ìyàwó yóò máa pariwo orúkọ ọkọ wọn, àwọn ọmọ yóò máa fi bàbá wọn yangàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ti kúrò ní ẹgbẹ́ kan, òun ti bọ́ sí òmíràn. Láti inú irú eré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ti ń hù jáde: àwọn tó ti gbéyàwó kò fẹ́ dúró de ọdún tó ń bọ̀ mọ́, wọ́n fẹ́ máa gbá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan

Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ọ̀dọ́ ló ni ìjàkadì. Bí ọkùnrin bá ti dàgbà, abẹ́ igi ni yóò jókòó sí, tí yóò máa ta ayò, tí yóò sì máa wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àtijọ́ kò fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ títí tí agbára rẹ̀ fi pin. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sóko, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Bàbá òde òní ní Òkokomáíkò ń jókòó nínú ọkọ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kó tó dé ibi iṣẹ́, yóò jókòó níbi iṣẹ́, yóò tún jókòó nínú ọkọ̀ bọ̀ wálé. Bí kò bá gbá bọ́ọ̀lù ní òpin ọ̀sẹ̀, ìgbà wo ni yóò sáré?

Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì máa ń pàdánù ju owó oṣù lọ. Ó ń pàdánù ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, bí kò bá yọjú, wọn yóò béèrè rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní alága, akọ̀wé àti akápò. Wọ́n ń dá owó oṣù, wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé, wọ́n ń bá ara wọn ṣe òkú, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣe ìkómọ. Bí eré bá parí, wọn a jókòó sí ibòji, wọn a mu nǹkan tútù, wọn a jẹ pẹpẹsúùpù, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ nílé ti ń sọ pé owó ilé ìwé ọmọ òun kò tíì pé, tàbí pé oorun kì í kun òun lóru.

Orí pápá náà ni ọkùnrin ti ń gba orúkọ tí kò ní níbòmíràn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní "Daddy" nílé àti "Ọ̀gá" níbi iṣẹ́ ni wọ́n ń fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù ìgbà èwe rẹ̀ pè níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni òun ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe

Síbẹ̀, òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́: ọkàn lè wà ní ọmọ ogún ọdún, kí ara má sí níbẹ̀ mọ́. Ìṣirò kan wà tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá máa ń lò: ẹ mú 220, kí ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò nínú rẹ̀, iye tó kù ni ẹ lè fojú bù pé ọkàn lè lù dé ní ìṣẹ́jú kan bí ènìyàn bá ń sáré tagbára-tagbára. Ti ọmọ ọdún 25 jẹ́ 195. Ti ẹni ọdún 50 jẹ́ 170. Nítorí náà, bí bàbá àti ọmọ bá ń lé bọ́ọ̀lù kan náà, wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìwọ̀n atẹ́gùn tí ara lè lò náà ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́yìn ọdún 30, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá déédéé kì í tètè pàdánù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹran ara ń rọ̀, iṣan ń le. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni ọ̀tá àgbà agbábọ́ọ̀lù jù lọ. Ẹni tó jókòó fún ọjọ́ mẹ́fà, tó wá fò sókè ní ọjọ́ keje láì kọ́kọ́ na ara, lè gbọ́ "pàù" lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì rò pé ẹnì kan ló ta òun ní ìpá. Ó lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí irú iṣan bẹ́ẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Àtàǹpàkò sì wà, orúnkún wà, ìbàdí wà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi Aboniki pa ara kí wọ́n tó jáde nílé, tí àwọn mìíràn sì ń gbé oògùn apàrora mì kí wọ́n má bàa mọ ìrora náà lára. Èyí kò dára. Ìrora ni agogo ara. Ẹni tó dì í lẹ́nu kò tíì pa iná tó ń jó. Ọ̀pọ̀ oògùn apàrora tún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru burú sí i.

Ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà

Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ti tó ẹni ọdún 45 tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989. Ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà ń kojú Àǹgólà láti wọ ìdíje Ife Àgbáyé. Samuel Okwaraji, amòfin tó tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ṣubú lulẹ̀ nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní ọdún 2003, ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ sí Marc-Vivien Foé ọmọ Kamẹrúùnù ní ìlú Lyon. Ọmọ ọdún 28 ni òun náà.

Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ wọn, kí ni a ó sọ nípa bàbá ẹni ọdún 55 tí kò wọn ìfúnpá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta? Fún àwọn tó ti kọjá ọdún 35, òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó ti dí ló sábà máa ń fa ikú òjijì lórí pápá. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì burú ní ti pé kì í sábà pariwo. Ènìyàn lè ní in fún ọdún púpọ̀, kó máa jẹ, kó máa mu, kó máa gbá góòlù wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ìdajì kejì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń ṣì í. Eré ìdárayá agbára lè fa ewu ọkàn ní wákàtí tí ènìyàn ń ṣe é, pàápàá fún ẹni tí kò ṣe é rí tàbí tó ti pẹ́ tó ti ṣe é. Ẹni tó bá ń ṣe é déédéé, ewu náà ń dín kù gan-an fún un, àǹfààní rẹ̀ sì ń bá a gbé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní Dẹ́nmáàkì, àwọn onímọ̀ kó àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 65 sí 75 tí kì í ṣe eré ìdárayá jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kékeré. Láàárín ọdún kan, ọkàn àti ara wọn ti le sí i. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ tún fi bọ́ọ̀lù ran àwọn ọkùnrin tó ní àrùn jẹjẹrẹ ní ẹṣẹ́ títọ̀ wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, jíjókòó sílé kọ́ ni ìwòsàn. Ìmúrasílẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn

Àwọn onífáàrí bọ́ọ̀lù máa ń tọ́ka sí Stanley Matthews, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún Stoke City nínú líìgì tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejì ọdún 1965, lẹ́yìn tó pé ẹni 50 ọdún. Wọn a tún tọ́ka sí Roger Milla, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Rọ́ṣíà ní Ife Àgbáyé ọdún 1994 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 42. Àwọn yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àwòkọ́ṣe fún bàbá wa ní Ìbà. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, dókítà wà lẹ́yìn wọn.

Àwòkọ́ṣe tó sàn jù wà nínú họ́kì, eré tí wọ́n ń fi igi tó tẹ̀ lórí gbá bọ́ọ̀lù kékeré tó le. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹgbẹ́ họ́kì àdúgbò kan lè ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí bàbá àti ọmọ rẹ̀ á sì jọ wà ní ìpele tó kéré jù. Ìdíje àwọn àgbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti ẹni ọdún 35, ó sì ń lọ ní ọdún márùn-ún márùn-ún títí dé ẹni ọdún 80. Ẹni ọdún 60 kì í kojú ẹni ọdún 35 níbẹ̀. Òfin họ́kì tún gbà kí wọ́n máa pààrọ̀ eléré nígbàkígbà, iye ìgbà tó bá wù wọ́n. Ẹni tó rẹ̀ yóò jáde, yóò mí, yóò tún wọlé, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó dí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bọ́ọ̀lù ìrìn náà tún wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Chesterfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2011 fún àwọn tó ti lé ní ọdún 50. Ẹni tó bá sáré nínú rẹ̀ ti rú òfin. Ó lè pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹsẹ̀ kì í gbó bí eré sísá ṣe ń gbó. Àgbà tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kò nílò láti sáré tó ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ẹ̀ṣọ̀ ẹ̀ṣọ̀ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹ jẹ́ kí bàbá bẹ̀rẹ̀ báyìí:

1. Kí ó wọn ìfúnpá rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa wọ̀n ọ́n déédéé. Bí ó bá tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Kí ó yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò pẹ̀lú.

2. Kí ó máa rìn kíákíá láàárín ọ̀sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 ni kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀. Láti Ìyànà-Ìbà dé ẹnu ọ̀nà LASU kò jìnnà jù fún ẹsẹ̀.

3. Kí ó fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 múra ara sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé kò gbọdọ̀ bọ́ sórí pápá tààrà.

4. Kí ó mu omi, kí wọ́n sì parí eré kí oòrùn tó mú. Ọtí àti àgbo olóòórùn ọtí kò yẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

5. Bí àyà bá ń fún un, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí èémí bá ń sá fún un, kí ó jókòó lójú ẹsẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ní ibà tàbí ikọ́ kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà.

6. Kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹnì kan bá ṣubú tí kò mí. Kí ẹnì kan pe 767 tàbí 112. Kí òmíràn gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, kí ó wọlé tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó má sì dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Títú omi sí i lójú kò tó. Ní ọdún 2021, bí wọ́n ṣe tètè ṣe èyí ló gba ẹ̀mí Christian Eriksen ọmọ Dẹ́nmáàkì là ní ìṣojú gbogbo ayé.

Bí ọmọ ṣe lè sọ ọ́

Ó rọrùn láti kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀. Sísọ ọ́ fún bàbá ẹni ló le. Ọmọ Yorùbá kì í pàṣẹ fún bàbá rẹ̀, bàbá tó bá sì gbọ́ "ẹ ti dàgbà jù" yóò sáré jù ti tẹ́lẹ̀ lọ kó lè fi hàn pé irọ́ ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dúró lẹ́bàá pápá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ra bàtà tó tẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, nítorí bàtà àlòkù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọnfúnpá sílé, kí ẹ sì kọ́kọ́ wọn ti ara yín lójú rẹ̀. Bí ọmọ bá wọ̀n ọ́n tí ìyá wọ̀n ọ́n, ojú á ti bàbá láti kọ̀.

Ẹ sì bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ sọ ọ́. Ohun tí bàbá kò ní gbọ́ lẹ́nu ọmọ, ó lè gbọ́ ọ lẹ́nu balógun ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni kò ní wọ pápá láì fi ìwé àyẹ̀wò ọdún hàn kò fi ẹnikẹ́ni wọ́lẹ̀, ó ti fi gbogbo wọn sí abẹ́ ààbò. Ọjọ́ tí ara bá sì kọ̀ pátápátá, ẹgbẹ́ gidi kò gbọdọ̀ lé àgbà lọ. Yóò di adarí eré, yóò di olùdámọ̀ràn, yóò di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìrọ̀lẹ́. Ó kúrò lórí pápá, kò kúrò nínú ẹgbẹ́.

Pápá ń tán lọ

Ohun kan ṣì kù tí àwọn àgbà wọ̀nyí kò lè dá yanjú. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́mọdé ti di ilé, ó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ìjọba ṣe ń fẹ òpópónà Àgbádárìgì, tí ojú irin tó ń bọ̀ wá sí Òkokomáíkò láti Marina sì ń sún mọ́ tòsí, owó ilẹ̀ yóò máa ga sí i. Ọkọ̀ ojú irin náà ti ń rìn dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìlọsíwájú ni, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí kò ní pápá kankan mọ́ yóò ná owó tó rí lórí ilẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Àgbàlá ilé ìwé ìjọba tó ń ṣófo ní òpin ọ̀sẹ̀ lè wúlò fún èyí, bí àwọn alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti ìdàgbàsókè Ìbà bá gbà, tí àwọn ẹgbẹ́ náà sì gbà láti máa tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni èyí. Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọmọ ọdún 25 tó sì dáwọ́ dúró ní ọdún 30 nítorí iṣẹ́ àti ìgbéyàwó, tó wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà ní ọdún 50, òun ni ewu ń dúró dè jù lọ. Ẹni tí kò dáwọ́ dúró rárá ni ara rẹ̀ kò ní dà. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó bàtà yín dànù. Bí bàbá bá sì tún ń wá tirẹ̀ káàkiri ilé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ bá a wá a, ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ẹ sì jọ lọ.